Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Olùtọ́jú Ọmọ

Kí oòrùn tó yọ ní Òṣòdì ni ariwo ọjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn agbèrò á ti máa pe ẹni tí ń lọ sí Àpápá àti Ọ̀yìngbò, ọkọ̀ ńláńlá á máa fọn fèrè, àwọn tí iṣẹ́ wọn sì wà ní Erékùṣù Èkó á ti gba ojú ọ̀nà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká wọn mọ́. Ní àkókò yìí kan náà, ní àwọn àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn òpópónà, ní Máfolúkù, ní Ìsọlọ̀, ní Ajao Estate, ilẹ̀kùn àgbàlá kan á ṣí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan á yọ jáde, àwọn ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú aṣọ ilé-ìwé á sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá ti lọ, ìyá ti lọ. Ẹni tí ó kù pẹ̀lú àwọn ọmọ ni obìnrin tí wọ́n gbà sílé láti máa tọ́jú wọn, ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí, tí awakọ̀ ń wa gbogbo wọn lọ. Ní ilé mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ náà.

Nígbà kan, ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè yìí fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ọmọ kan níwájú, ọmọ méjì lẹ́yìn, àpò ìwé á máa fì lápá kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, pẹ̀lú Mushin, Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ́, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà mìíràn ní oṣù kẹfà ọdún náà. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ó sì ní ọkọ̀ nílé, ọkọ̀ náà ni yóò fi rán an. Ọ̀rọ̀ á wá ku ẹni tí a óò fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

Ohun méjì ni a fi síkàáwọ́ obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ ọlọ́mọ àti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Àṣìṣe tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ a máa gba ọkàn gbogbo ilé ju ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá ń fi iṣẹ́ hàn án, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni yóò pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Má jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ ha á lára. Má gbé e sínú oòrùn. Máa wo epo rẹ̀. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ da bísíkíìtì sórí àga. Obìnrin náà yóò gbọ́ gbogbo èyí, yóò sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ọkọ̀ ni iṣẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ọmọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun èlò iṣẹ́ lásán ni ọkọ̀ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò ti jẹ́ fún alásè. Bí àwọn ọmọ bá délé ní àlàáfíà tí ọkọ̀ sì há ní ẹ̀gbẹ́ kan, iṣẹ́ ọjọ́ náà yọrí. Bí ọkọ̀ bá ń dán bí dígí tí ọmọ kan sì fi orí gbọgbẹ́ nínú rẹ̀, ta ni yóò máa yin ọkọ̀ náà?

Ẹ wo ohun tí ojú ń rí ní ọ̀nà Ìsọlọ̀ lójoojúmọ́. Olùtọ́jú ọmọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó gbé ọmọ ọdún kan lé itan, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó di ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ mú. Lójú tirẹ̀, ìkẹ́ ni. Ìyá náà yóò sì rò pé ìkẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí ń sáré bá dúró lójijì, kò sí apá ẹ̀dá tí ó lè di ọmọ náà mú. Ọmọ tí kò wúwo ju kílò 10 lọ lórí ìwọ̀n yóò fi agbára tí ó ju ìwúwo rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po já mọ́ ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́, gíláàsì iwájú ni yóò sì bá pàdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ìjókòó tí a ṣe fún ọmọdé nínú ọkọ̀ lè dín ikú ọmọ-ọwọ́ nínú ìjàǹbá kù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Ní Ìlú Ọba, òfin sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ máa lo irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 12, tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135. Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ òfin yìí, wọ́n sì ń pa á mọ́. Ohun ìyanu ni pé ẹlòmíràn nínú wọn a máa gbàgbé rẹ̀ kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ jáde tán ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Òṣòdì rárá, bí ẹni pé egungun ọmọdé a máa le sí i bí ó bá ti dé ilé bàbá rẹ̀.

Ooru tún ń bẹ. Ọmọ sùn lẹ́yìn, Àǹtí fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ra búrẹ́dì. Ó yí gíláàsì sókè, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Láàrin ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́ńtígírédì 10 gòkè, ara ọmọdé sì máa ń gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún bí ara àgbà ti ń gbóná. Ẹni tí ó bá mọ ọjà Òṣòdì mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún kò sí níbẹ̀: olùtajà kò ní ṣéńjì, ẹni tí ó wà níwájú ń ná owó, ojúlùmọ̀ kan dé pẹ̀lú ìkíni gígùn. Bí ó bá ṣí gíláàsì sílẹ̀ ńkọ́? Olè wà ní ìtòsí. Bí ó bá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí ó bá sì gbé ọkọ̀ lọ gbé ọmọ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó gbé ọmọ náà dání, ì báà máa sùn, ì báà máa ké, tàbí kí búrẹ́dì dúró dìgbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ fóònù kò gba àlàyé púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ẹni tí ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbé e létí. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ìyá tí ń pe olùtọ́jú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójú ọ̀nà láti béèrè ibi tí wọ́n dé, tí yóò sì bínú bí kò bá gbé e, òun gan-an ni ó ń fi ẹ̀mí ọmọ ara rẹ̀ wewu.

Ojú ọ̀nà Òṣòdì sì kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Níbẹ̀ ni òpópónà tí ó ti Àpápá wá ti pàdé ọ̀nà Agége àti ojú irin. Ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019 wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbádó lọ sí Ọ̀yìngbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 sì ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú. Èrò, ọkọ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́jà ń du ojú ibi kan náà. Bí agogo ilé-ìwé bá ti fẹ́ lù tí ọkọ̀ kò sì mira, ìdẹwò a máa dé bá ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀ láti gba ojú ọ̀nà òdì, ó kéré tán láti ibi kan dé ìyànà kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ LASTMA, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, kì í jìnnà sí irú ìyànà bẹ́ẹ̀. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2018 gbà pé kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tí ó bá gba ojú ọ̀nà òdì, a sì ti ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo ní gbangba. Ẹni tí ó wa ọkọ̀ ni ó ṣẹ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó pàdánù. Olùtọ́jú ọmọ tí ó bá ranti èyí yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ pẹ́ dé ilé-ìwé. Ọ̀gá tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe kò sì ní bá a wí nítorí pípẹ́ náà.

Ti lílo ọkọ̀ fún ọ̀ràn ti ara ẹni wá kù. Ní ọdún 1834, ilé-ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ kan tí ó wà láàrin Joel àti Morison. Ìránṣẹ́ Morison ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbá Joel bí ó ti ń sọdá títì ní Lọ́ńdọ̀nù. Adájọ́ Parke ṣàlàyé pé bí ìránṣẹ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tí ó kàn yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀gá ni yóò san gbèsè ohun tí ó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣe fàájì ti ara rẹ̀, tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rárá, ọ̀gá kò ní í dáhùn fún un. Wọ́n dá Joel láre. Ìlànà yìí ni àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà jogún lára òfin Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ mọ̀ ọ́n. Olùtọ́jú ọmọ tí ó yà láti ra oògùn fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ó yà lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mushin ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ó sì fi ọkọ̀ ọ̀gá ṣe kábúkábú láti ilé-ìwé délé, tí ó ń gba 500 náírà lọ́wọ́ àlejò tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí àlejò náà jókòó ti àwọn ọmọ lẹ́yìn, ohun tí ó ṣe ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó epo.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọkọ̀ bá wà ní ojú ọ̀nà tí ìyá mọ̀, tí aago kan sì lù tí wọn kò dé, ìyá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà ní ibi tí kò sí ẹni tí ó mọ̀, gbogbo Èkó ni yóò wá.

Ibi tí ó le jù lọ ni ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ kan ha ọkọ̀ lára ní Aswani, ní ọjọ́ Túsìdeè tí ọjà ń ná, ó sì ti sá lọ kí olùtọ́jú ọmọ tó lè sọ̀kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò farapa. Àwọn ọmọ tí ó sùn kò tilẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n àyà obìnrin náà ti já. Bí ó bá sọ, wọn yóò yọ owó oṣù rẹ̀. Bí kò bá sọ, bóyá wọn kò ní rí i, bóyá wọn yóò rò pé ibi iṣẹ́ bàbá ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa dákẹ́. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ bẹ ọmọ tí ó bá rí i pé, “Má sọ fún Mọ́mì o.” Ní ìṣẹ́jú náà ni ohun tí ó burú ju ọ̀dà tí ó ha lọ ṣẹlẹ̀. A ti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà pé àṣírí lè wà láàrin òun àti àgbàlagbà, tí ìyá òun kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ èyí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà ọkọ̀ yóò rántí rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, lórí ọ̀rọ̀ tí ó le ju ọ̀dà lọ, bóyá lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò ní inú rere bí ti Àǹtí.

Nítorí náà ó tọ́ kí ó sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì mú ọ̀gá lọ síbi tí ó ha. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ obìnrin náà ní ìbẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀? Ní ilé mìíràn, ohun tí wọ́n yọ nínú owó oṣù nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kò fi irú agbára bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ bí ó ti wù ú. Kí ó tó yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tí ó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ ni ó bà á jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ sí i nínú ìwé. Ìbínú ọ̀gá kì í sì ṣe àìnídìí. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà pé kí ọkọ̀ ní ìwé adójútòfò nítorí ẹlòmíràn tí ó lè ṣe léṣe, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni a sì gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ti ara ẹni láti 5,000 náírà sí 15,000. Ọ̀pọ̀ onílé kì í ra ju èyí lọ, bẹ́ẹ̀ ni irú ìwé yìí kì í tún ọkọ̀ ẹni fúnra rẹ̀ ṣe. Gbogbo ohun tí ó bá ha, àpò ọ̀gá ni yóò ti jáde. Ó wá ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé e. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù nínú ilé kọ́ ni ó yẹ kí ó gbé e.

Ó tún ní ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó na kọ́kọ́rọ́ sí ẹnikẹ́ni. Kí ó rí ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kì í ṣe kí ẹni tí ó mú un wá sọ pé ó ní in. Kí ó mọ̀ dájú pé ó ti pé ọmọ ọdún 18, nítorí ẹni tí kò pé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbà ní ọdún 2007, kò gbà pé kí ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ní ilé ẹlòmíràn rárá. Kí bíréèkì ó dára, kí táyà ó dára. Kí ó bá a gun ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, láti ilé dé ilé-ìwé àti padà, kí ó sì dákẹ́ láti wo bí ó ti ń ṣe.

Oorun ni a sì máa ń gbàgbé. Obìnrin tí ọmọ-ọwọ́ jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tí ó dìde ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ láti se oúnjẹ ilé-ìwé, tí ó fọ aṣọ, tí ó wẹ ọmọ mẹ́ta, ni a fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Oorun a máa gbé àgbàlagbà lọ nídìí ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ohun kan tí ó wà lára ojúṣe olùtọ́jú ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ọn, ni kí ó lè sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ojú mi kò dá lónìí, ọmọ kò jẹ́ kí n sùn.” Ìgboyà ni ó gbà láti sọ ọ́. Bí ìdáhùn tí ó bá gbà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, kò ní sọ ọ́ mọ́, yóò wa ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú ojú tí ń pa dé.

Àwọn kan yóò ní ó sàn kí a má fún olùtọ́jú ọmọ ní kọ́kọ́rọ́ rárá, kí a gba awakọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká owó oṣù méjì. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ tilẹ̀ wà, iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ kò dín kù. Òun ni yóò sọ fún awakọ̀ tí ń sáré pé kí ó rọra, òun ni kò ní gbà kí a gbé àlejò, òun ni yóò rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tì nígbà tí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ afárá Òṣòdì. Kí ọ̀gá sọ ọ́ níwájú awakọ̀ pé ó ní àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Láìsí èyí, awakọ̀ yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ohun tí yóò ṣe bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti kọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ó pa ẹ́ńjìnnì. Kí ó kó àwọn ọmọ kúrò lójú títì sí ibi tí ọkọ̀ kò gbà. Èyí tí kò bá lè mira, kí ó má ṣe gbé e títí olùrànlọ́wọ́ yóò fi dé, àfi bí iná bá fẹ́ ràn. Kí ó pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì ní Èkó. Ọkọ̀ lè dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò pe ìyá àwọn ọmọ, yóò sì sọ pé, “Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí wa, mà.” Ìbéèrè kan yóò tẹ̀ lé e láti òdì kejì, “Àwọn ọmọ ńkọ́?” tàbí “Ọkọ̀ ńkọ́?” Olùtọ́jú ọmọ náà sì ti mọ èyí tí yóò jẹ́, láti ọjọ́ kìn-ín-ní tí a ti na kọ́kọ́rọ́ sí i.